Ta ló lè là mí lọ́yẹ̀ lórí 4s àti 3d?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ kẹ́mísìrì. Kubwa l'Ábùjá níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tó fẹ́ ṣe JAMB.

Quantum number mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn nọ́mbà tó ń júwe ipò electron nínú átọ́ọ̀mù, ti yé wọn. Mo ní kí wọ́n wò ó bí ìgbà téèyàn ń júwe ilé ní Gwarinpa: avenue, òpópónà, ilé, yàrá. n ni ìpele, l ni irú orbital, ìyẹn àyè tí electron ń gbé (0 fún s, 2 fún d), m ni ibi tó kọjú sí, spin sì jẹ́ +½ tàbí −½. Electron méjì nínú átọ́ọ̀mù kan ò gbọdọ̀ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan náà, bí Pauli, onímọ̀ físíìsì, ṣe wí ní 1925.

Irin ló dá wàhálà sílẹ̀. A ní 4s (orbital s ní ìpele 4) ń kún ṣáájú 3d (orbital d ní ìpele 3), torí èyí tí n + l rẹ̀ bá kéré ló ń kọ́kọ́ kún: ó jẹ́ 4 fún 4s, 5 fún 3d. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí irin bá di Fe²⁺ (ion rẹ̀, tó ti pàdánù electron méjì), electron 4s méjèèjì ló lọ, mẹ́fà inú 3d (3d⁶) ló kù. Ọmọkùnrin kan (ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ) ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń kọ́kọ́ jókòó tó tún ń kọ́kọ́ dìde?” Mo ní 4s jìnnà sí nucleus, àárín átọ́ọ̀mù, ju 3d lọ. Ó ní kí ló wá dé tó fi kọ́kọ́ kún?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé agbára 3d ló ń wálẹ̀ bí proton ṣe ń pọ̀ sí i ni, àbí òfin n + l ò kan ion rárá? Ẹ má sì sọ fún mi pé d tó kún dé ìdajì ló ń fìdí múlẹ̀ bíi ti chromium. Tungsten wà nínú ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, síbẹ̀ 5d⁴6s² ló ní, d rẹ̀ ò kún dé ìdajì. SS3 ni wọ́n o, ẹ má fi ìṣirò gígùn pa wá.