Àbọ̀ lórí ìlẹ̀kùn àjà-ilẹ̀ kẹta: ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tó kù

Ẹ̀yin ará, mo béèrè lọ́wọ́ yín nípa géèmù àjà-ilẹ̀ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá wa dán an wò ti ń há sí àjà kẹta, nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gbé ẹrù lé òkúta tí ń ṣí ìlẹ̀kùn kí ó má baà padé.

Ìmọ̀ràn tó yanjú rẹ̀ ni ti ẹni tó ní kí a kọ́kọ́ fi òkúta náà hàn ní yàrá kékeré tí kò sí iwin nínú rẹ̀, kí a tó da àdììtú àti ìjà pọ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nínú Dungeon Master, géèmù kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, láti ọdún 1987, nítorí náà kì í ṣe òkúta fúnra rẹ̀ ló le jù. Ní báyìí, àwọn tó ń dán an wò ń ronú kàn án fúnra wọn, inú wọn sì ń dùn, èyí tó ṣe pàtàkì sí mi ju pé kí wọ́n kàn kọjá lọ.

Àkọlé ara ògiri ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí iwin ń lé kì í dúró kàwé. A ti gbé e síwájú ibi ìjà, ó sì sàn sí i.

Ohun tó kù ni idà inú yàrá ìkọ̀kọ̀, tó lágbára débi pé ẹni tó bá rí i kì í fojú winá ìjà kankan mọ́ ní àjà kẹrin. À ń dín agbára rẹ̀ kù lọ́wọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.