Èèrà pupa tó ń lẹ ewé máńgòrò pọ̀: kí ni orúkọ rẹ̀, ṣé kí a pa á?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, bàbá bàbá mi ló gbìn ín, ṣùgbọ́n èèrà pupa kan ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Wọn kì í gbé inú ilẹ̀. Inú ewé tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ bí àpò ni wọ́n ń gbé, bí ènìyàn bá sì fọwọ́ kan ẹ̀ka, wọn yóò tú jáde, wọn yóò gé e jẹ, ojú ibẹ̀ yóò sì máa ta á bí ẹni tí a fi ata pa lára. Àbúrò mi ní ìjàlọ ni wọ́n, ó sì fẹ́ ra oògùn apakòkòrò láti fín wọn. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ kòkòrò fún un, àti bí wọ́n ṣe ń mọ èèrà kan yàtọ̀ sí èkejì, nítorí lójú tèmi gbogbo wọn jọra.

Olùkọ́ Ìkòròdú:
Ẹ kú ìbéèrè. Ìjàlọ kọ́ ni. Orí ilẹ̀ ni ìjàlọ ti ń tò lọ bí ọmọ ogun, kì í fi ewé kọ́lé. Èyí tí ẹ rí ni Oecophylla longinoda. Frederick Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún ìdílé náà ní orúkọ àkọ́kọ́ yìí ní 1860, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ó túmọ̀ sí ilé àti ewé. Orúkọ kejì ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Pierre André Latreille, ọmọ Faransé, ló fún un ní 1802, ó sì túmọ̀ sí èyí tí kókó rẹ̀ gùn.

Ẹ wo ìbàdí èèrà náà dáadáa, ẹ ó rí kókó tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín àyà àti ikùn rẹ̀. Ẹyọ kan ni tirẹ̀. Èèrà dúdú tí ń kọ́ ilé bíi páálí sára igi kòkó, tí ń gbé ìdí sókè bí a bá dà á láàmú, méjì ló ní. Crematogaster ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kókó yìí wà lára ohun tí onímọ̀ kọ́kọ́ máa ń kà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ní abẹ́rẹ́ oró. Èèrà ti yín kò ní. Ẹnu ló fi ń gé ènìyàn, yóò wá tẹ ikùn síwájú, yóò tú omi kíkan sí ojú ọgbẹ́. Ata tí ẹ ń sọ nìyẹn.

Mo fẹ́ràn ìtàn Latreille púpọ̀. Àlùfáà ni, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ní Bordeaux nígbà ìyípadà ìjọba Faransé. Kòkòrò kan tí ó rí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀wọ̀n, Necrobia ruficollis, ló mú kí àwọn onímọ̀ mọ irú ẹni tí ó jẹ́, tí wọ́n fi bá a bẹ̀bẹ̀ títí ó fi jáde.

Àgbẹ̀ Àgbádárìgì:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fín wọn. Àwọn èèrà wọ̀nyí ń lé eṣinṣin tí ń yé sínú máńgòrò, tí ìdin rẹ̀ ń ba èso jẹ́. Ó ti ju 1,000 ọdún lọ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ìbátan rẹ̀, Oecophylla smaragdina, ṣọ́ ọgbà ọsàn. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ń dáàbò bo àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń fa omi ewé, nítorí omi dídùn tí wọ́n ń rí lára wọn, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ pọ̀ ju àdánù lọ lóko mi.

Ẹ jí lówùúrọ̀ kan kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé. Wọn yóò di ara wọn mú ní ìbàdí, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan bí ẹ̀wọ̀n, títí ewé méjì yóò fi pàdé. Àwọn mìíràn yóò wá gbé ọmọ wọn tí ó ṣì jẹ́ ìdin sẹ́nu, wọn yóò máa fi í lọ sí ọ̀tún àti òsì bí ìyá aláṣọ-òkè ṣe ń ju ọ̀kọ̀. Ẹnu ìdin yẹn ni òwú funfun náà ti ń jáde, nítorí èyí tó ti dàgbà kò lè ṣe òwú mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ká máńgòrò, ẹ fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi awò wo ọ̀kan tí ó já bọ́: kókó kan ṣoṣo ni, ó sì gùn lóòótọ́. Àbúrò mi náà wò ó, ó sì ti gbé owó oògùn padà sápò.