"Àdéhùn Agbára" kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tún un rò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ílíṣàn túmọ̀ orúkọ Energy Charter Treaty, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò epo, gáàsì àti iná, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lisbon lọ́dún 1994, sí Yorùbá, wọ́n pè é ní "Àdéhùn Agbára". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò wọ̀ mí létí rárá. Mo kà á fún màmá mi ní Ṣágámù níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ gàrí lọ́wọ́, wọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní ṣé àwọn olóṣèlú tún fẹ́ pín ipò ni àbí ti oníṣègùn ni.

Agbára ti fẹ̀ jù. Agbára ọba ń bẹ, agbára ẹ́ńjìnnì ń bẹ, toògùn náà ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni nǹkan téèyàn ń tà gbowó: epo rọ̀bì, gáàsì, èédú, iná mànàmáná. Èmi dábàá "èròjà agbára" dípò "agbára" lásán. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ata àtiyọ̀ ni èròjà, wọ́n ṣeé bù sọ́wọ́, iná ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn, torí àwọn tó ń ṣòfin òwò fúnra wọn ti ń fà á tipẹ́, ọjà ni iná àbí iṣẹ́ ni. Nínú ìwé táwọn kọ́sítọ̀mù fi ń to ọjà, iná ní nọ́ńbà tiẹ̀, 27.16, ṣùgbọ́n wọn ò fi dandan lé e, orílẹ̀-èdè tó bá wù ló ń lò ó. Àdéhùn Lisbon ní tiẹ̀ kà á mọ́ èròjà.

Ó tún ku "transit", ìyẹn kí ẹrù gba orílẹ̀-èdè kan kọjá lọ sí òmíràn, táwọn kan kọ ní "ìgbalẹ̀kọjá". Háà, ọwọ̀ ni mo kọ́kọ́ rò! Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú kúkú mọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣebí torí pé a ti ọ̀nà mọ́ òwò ni òyìnbó fi wá jà wá ní Ìmàgbọ̀n lọ́dún 1892. GATT ti 1947, àdéhùn òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, náà ò fẹ́ kí wọ́n máa gbowó orí ẹrù tó kàn ń kọjá lọ, àfi owó iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún un. Àmọ́ gáàsì tó ń ti Ìtòkí nípìnlẹ̀ Ògùn wa yìí lọ sí Ghana, abẹ́ òkun Benin àti Togo ni páìpù ẹ̀ gbà, ilẹ̀ wo ló wá gbà níbẹ̀? "Ìkọjá ibodè" tó mi, kówó ẹ̀ sì máa jẹ́ owó ìkọjá ibodè.

Mo padà lọ ka "èròjà agbára" fún màmá. Wọ́n ní ṣé àgúnmu ni. Mo wá ṣàlàyé, gáàsì, epo, iná, wọ́n ní, "Ẹ ò kúkú pè é ní iná òun epo?"

Mo ṣì ń rò ó o.