Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn nínú ewì kékeré kan

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìrírí tèmi náà rèé, nípa ewì kan tó bá mi wí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Èmi àti ọkùnrin kan jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan. Èdè wa ò papọ̀, ẹ̀sìn wa ò papọ̀. Ìkíni àárọ̀ ló pa wá pọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kú. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí i, ìlà kan ṣoṣo. Mo jẹun alẹ́, mo sì sùn. Mo rántí pé mo sùn dáadáa.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwa mélòó kan tá a máa ń ka ewì pa pọ̀ gbé ewì kan kalẹ̀ tí mo rò pé mo ti mọ̀: ewì ọmọ Ádámù tí Saadi, akéwì ará Shiraz ní ilẹ̀ Páṣíà, kọ sínú ìwé rẹ̀ Gulistan ní ọdún 1258. Ìlà mẹ́fà péré ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé nìyí:

Ọmọ Ádámù, ẹ̀yà ara ara wọn ni wọ́n,
Ohun iyebíye kan náà la fi dá wọn.
Bí ayé bá mú ìrora bá ẹ̀yà kan,
Ara kì í rọ àwọn yòókù.
Ìwọ tí ìnira ẹlòmíràn ò bà nínú jẹ́,
Kò yẹ kí wọ́n pè ọ́ ní ọmọ Ádámù.

Ìlà àkọ́kọ́ ni mo máa ń há sórí tẹ́lẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àfi ìgbà tí ìyá kan láàárín wa sọ ibi tí ewì náà wà nínú ìwé fún wa. Ó ní asọ̀tàn inú ìwé náà wà níbi ibojì Yahya wòlíì (Jòhánù Onítẹ̀bọmi), nínú mọ́sálásí ńlá Damásíkù, nígbà tí ọba Lárúbáwá kan tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìwà ìrẹ́jẹ wọlé wá gbàdúrà. Ọba ní kí asọ̀tàn bá òun gbàdúrà, nítorí ẹ̀rù ọ̀tá ń ba òun. Asọ̀tàn dá ọba lóhùn pé kó ṣàánú àwọn aláìlágbára abẹ́ rẹ̀, kí ọ̀tá alágbára má baà ni ín lára. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ewì yìí tẹ̀ lé. Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ewì náà ò dà bí orin ìfẹ́ létí mi mọ́. Ìbáwí ni.

Mo wá tún un kà. Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa "wọn". Ní ìlà karùn-ún, ó yíjú pa dà: "ìwọ". Ara mi bù máṣọ. Mo rántí oorun mi ọjọ́ yẹn.

Ẹnìkan bá béèrè pé, bó bá jẹ́ ohun kan náà la fi dá gbogbo wa, báwo ni wọ́n ṣe lè gba orúkọ ọmọ Ádámù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? A fà á síwá sẹ́yìn títí. Lójú tèmi, ohun iyebíye yẹn ò lè sọnù, torí òun la fi dá wa. Orúkọ ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń pe èèyàn lórúkọ, kì í ṣe èèyàn fúnra rẹ̀. Ewì náà fi ọmọ Ádámù bẹ̀rẹ̀, ó sì fi í parí, ṣùgbọ́n ti ìparí, ìwà ni yóò jẹ́ kí wọ́n fi pè ọ́. Àwa náà ṣáà máa ń sọ nípa ìkà pé "kì í ṣe èèyàn", nígbà tó jẹ́ pé ojú wa ń rí i lórí ìdúró.

*

Ẹ̀gbọ́n tó sọ ìrírí yìí, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́ síta. Èmi kórìíra ewì yìí fún ìgbà pípẹ́. Níbi tí mo gbé rí, wọ́n máa ń fi bí ahọ́n mi ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, bí mo bá sì ní ó dùn mí, wọ́n á ní, "Ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pa mí lẹ́nu mọ́. Mo rò pé ohun tí Saadi ń sọ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "ẹ̀yà ara" ló yí mi lọ́kàn pa dà. Ọwọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀, ojú kì í ṣe imú. Síbẹ̀ ohun tó bá ojú ti bá imú. Akéwì ò sọ pé kí ọwọ́ di ẹsẹ̀ kí ara tó lè gbọ́ ìrora rẹ̀. Mo lè máa fi ahọ́n mi sọ̀rọ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì gbọ́ ìgbà tó bá ń dùn mí.

*

Ẹ jẹ́ kí èmi náà tí mo ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì fi díẹ̀ kún un. Àwọn kan ń ka ìlà àkọ́kọ́ sí "ẹ̀yà inú ara kan náà" dípò "ẹ̀yà ara ara wọn". Èmi fara mọ́ èkejì. Nínú ti àkọ́kọ́, ara ńlá kan ló ni wá. Nínú èkejì, èmi ni mo ni yín, ẹ̀yin lẹ ni mí.

*

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni mo pa dà wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí bóyá mo pa dà lọ bá ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ kú: mo lọ. Ojú ń tì mí, mi ò mọ ibi tí mà á ti bẹ̀rẹ̀. Mo kàn bi í pé kí ni orúkọ ọmọ náà. Ó wò mí títí, ó ní kò tíì sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ orúkọ náà, ó tún un sọ kí n lè pè é bó ṣe yẹ, ó wá fa àga, ó jókòó.