Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká ní káwọn tó fẹ́ bá wa tọ́jú ọmọ ṣe tẹ́ẹ̀sì sáíkọ́lọ́jì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo wà lára àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ àti fọlọ́ńtíà sílé ìtọ́jú kan, àwọn ọmọ tí ò ní òbí ló pọ̀ jù níbẹ̀ àmọ́ a tún ní àwọn àgbàlagbà díẹ̀ tí ara wọn ò dá mọ́, òmíì nínú wọn ò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá, ì báà jẹ́ ẹni tó kàn fẹ́ máa wá kàwé fáwọn ọmọ ní Sátidé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì sáíkọ́lọ́jì, tó bá féèlì ó tán nìyẹn. Wọ́n ti rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà á gbé máàkì ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ta ló rínú èèyàn, àwọn kan ti ń fa ìbínú yọ, wọ́n ní ṣé wọ́n rò pé orí àwọn ti dàrú ni. Èmi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí mà bá wà. Ṣé tẹ́ẹ̀sì yìí lè mú ẹni tó máa fìyà jẹ ọmọ lóòótọ́? Ṣé òfin tiẹ̀ gbà á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ dá sí i jọ̀ọ́.

Ọmọ_Akin:
Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Sáíkọ́lọ́jísìtì ni mí, irú tẹ́ẹ̀sì báyìí wà lára ohun tí mo fi ń jẹun, síbẹ̀ màá sọ òótọ́: kò lè sọ ẹni tó máa ṣe ọmọ ní jàǹbá. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni MMPI, Hathaway àti McKinley ló ṣe é ní Yunifásítì Minnesota, 1943 ló jáde, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ti 1989 ní ìbéèrè 567, ti 2020 tí wọ́n ń pè ní MMPI-3 ní 335. Aláìsàn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kí dókítà lè mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀. Ó wúlò o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó lè fi hàn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ti wọ èèyàn lára, tàbí tẹ́nì kan ò bá lè kó ara ẹ̀ níjàánu, ó tiẹ̀ ní àwọn ìbéèrè tó ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe bí áńgẹ́lì, irú ẹni tó máa ní òun ò bínú sẹ́nikẹ́ni rí látìgbà tí wọ́n ti bí òun. Àmọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ló lè túmọ̀ èsì ẹ̀, á sì tún bá onítọ̀hún jókòó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ páàsì àbí féèlì rárá. Èyí tí ọ̀gá yín rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò eléyìí. Ká ní èèyàn 1,000 ló wá, kí 10 nínú wọn jẹ́ ẹni burúkú. Ká ní tẹ́ẹ̀sì yín gbóná débi pé tí ẹni burúkú 10 bá ṣe é á mú 9, kó sì máa ṣi ẹnì kan péré mú nínú ẹni rere 10 (mi ò tíì rí èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ o). Ẹni burúkú 9 bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹni rere 99 náà bá wọn lọ. Èèyàn 108 lẹ lé, 99 nínú wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹni burúkú kan tó ṣẹ́ kù sì ti wà nínú ilé pẹ̀lú ìwé pé òun páàsì, kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ọ mọ́. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Kódà ìwádìí tí John Jay College ṣe lórí àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó bá ọmọdé ṣèṣekúṣe l'Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 2011, wọ́n wo èsì tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ṣe fún wọn, wọn ò rí ohun tó ya àwọn oníṣẹ́ ibi yẹn sọ́tọ̀ dáadáa sáwọn yòókù.

Bàbá Ìyanu:
Akin, ọ̀rọ̀ ẹ gún régé, àmọ́ ohun kan wà tó ò kà kún un. Ẹni tó bá ń wá ibi tó ti máa rọrùn fún un, tó bá ti gbọ́ pé ẹ̀yin ń béèrè ìbéèrè tó pọ̀, ibòmíì tí wọn kì í ti í béèrè nǹkan kan ló máa forí lé. Nítorí náà ká má kàn da gbogbo ẹ̀ nù. Èmi fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ṣe é.

Mọlará:
Bàbá Ìyanu, fọ́ọ̀mù gidi àti ìńtáfíù tó le náà á lé irú wọn sá lọ, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọnú ọpọlọ èèyàn.

Lórí ọ̀rọ̀ òfin, ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, ẹ bá lọ́yà tiyín sọ̀rọ̀. L'Amẹ́ríkà, òfin 1990 tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, ADA, sọ pé agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ ní kéèyàn ṣe àyẹ̀wò ìṣègùn kó tó sọ fún un pé òun ti fún un níṣẹ́, tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló lè ní kó ṣe é, ìyẹn tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń wọ irú iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe é. Ní 2005 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ wá sọ nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan, Karraker, àti ilé iṣẹ́ Rent-A-Center pé MMPI yẹn náà, àyẹ̀wò ìṣègùn ni. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe eré.

Tiẹ̀ wo ti ìlú Soham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2002, ọkùnrin tó ń bójú tó ọgbà ilé ìwé kan pa àwọn ọmọbìnrin méjì. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, tí ìròyìn Bichard tó darí ìwádìí náà jáde ní 2004, wọ́n rí i pé àwọn ọlọ́pàá níbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀sùn lórí ẹ̀ léraléra, kò séyìí tó dé etí ilé ìwé. Ìyẹn ló bí òfin 2006 tó ń dáàbò bo ọmọdé àtàwọn tí ò lè gbèjà ara wọn, àti àjọ DBS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèyàn ti dẹ́ṣẹ̀ sófin rí. Ohun tí ì bá mú ọkùnrin yẹn ti wà nínú fáìlì ẹnì kan tipẹ́.

Àǹtí Bísí:
Ẹ ṣé, Mọlará. Èmi ti bá wọn ṣe máníjà nílé àwọn arúgbó kó tó di pé mo bọ́ sí tàwọn ọmọ, ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni tẹlifóònù. Lẹ́tà ẹ̀rí rere ò ní láárí lójú tèmi, ta ló máa lọ gbàwé lọ́wọ́ ọ̀tá ẹ̀? Mo máa ń pe ibi tó ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, lórí nọ́ńbà tí mo fúnra mi wá, kì í ṣe èyí tó kọ sí fọ́ọ̀mù. Ìgbà kan mo pe obìnrin kan, ó ń yin ọmọkùnrin yìí ṣáá, ó máa ń tètè dé, ara ẹ̀ yá mọ́ èèyàn, mo wá bi í pé, "Mà, tẹ́ ẹ bá tún láyè lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ máa gbà á padà síbi táwọn ọmọ wà?" Ó dákẹ́. Ó ṣe sàà kó tó ní, "Ẹ... ibi iṣẹ́ mìíì, bẹ́ẹ̀ ni." Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Mo dúpẹ́, mo já fóònù.

Tó bá di ìńtáfíù, ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ràn ọmọ, gbogbo ayé ló fẹ́ràn ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n sọ ìgbà tí ọmọ tàbí arúgbó kan mú wọn bínú gan-an àti ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó ní "mo kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo pe ẹnì kejì mi" mọ ara ẹ̀. Ẹni tó ní òun kì í bínú, ẹ ṣọ́ra fún un.

Tí wọ́n bá sì ti wọlé tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o. Àgbàlagbà kan ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ò tó, àwọn ẹgbẹ́ Scout l'Amẹ́ríkà náà ní irú òfin yẹn. Ilẹ̀kùn tó ní gíláàsì. Ẹni táwọn ọmọ lè fẹjọ́ sùn tí kì í ṣe ọ̀gá yín nìkan. Ẹ jẹ́ n tún fi eléyìí kún un torí wọn kì í sábà sọ ọ́: ọ̀pọ̀ tí mo rí tó gbá arúgbó létí ò gbé ìwà ìkà wálé. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ti èèyàn rẹpẹtẹ lóru, oorun ò kun ojú ẹ̀ fọ́jọ́ púpọ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé báwo lara. Tẹ́ẹ̀sì tó ṣe lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ò lè sọ bó ṣe máa rí lọ́dún méjì sígbà yẹn.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Àǹtí mi, ẹ̀yin yòókù náà ẹ kúuṣẹ́. Màá gbé ìṣirò 1,000 yẹn lọ bá ọ̀gá. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣì taku ńkọ́?

Ọmọ_Akin:
Tí wọ́n bá taku, ẹ jẹ́ kó wà fáwọn tó máa sùn mọ́jú níbẹ̀ tàbí tó máa wẹ̀ fáwọn ọmọ àtàwọn àgbàlagbà yẹn, kó jẹ́ lẹ́yìn ìńtáfíù àti ìwádìí, kí sáíkọ́lọ́jísìtì tó níwèé àṣẹ ṣe é, kó bá ẹni náà sọ̀rọ̀, kó sì sọ èsì ẹ̀ fún ẹni náà fúnra ẹ̀. Ìgbìmọ̀ yín ò nílò ju ìlà méjì lọ: ohun tó kíyè sí àti ìrànlọ́wọ́ tí ẹni náà nílò. Ìwé tó kù, kọ́bọ́ọ̀dù tiẹ̀ ni kó tì í mọ́.

Bàbá Ìyanu:
Èyí mo gbà. Àǹtí Bísí, ẹ kọ àwọn ìbéèrè orí fóònù yẹn síbí, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.