Kí ló ń gé ihò roboto sára ẹja tuna?

Ìyá Tọ́lá, Iléṣà:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lánàá, ẹja tuna ńlá ni, ihò mẹ́ta wà lára ẹ̀, roboto báyìí bí ìgbà téèyàn fi ẹnu kọ́ọ̀pù gé fúláwà mítípáì. Màmá wa ní àìsàn ni, kó má fẹnu kàn án. Èmi ò tiẹ̀ rí oorun sùn torí ọmọ yẹn máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n?

Akin Ifẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kì í ṣe àìsàn, eyín ni. Ẹja shark kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cookiecutter ló ń jẹ bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ̀ nínú ìwé ni Isistius brasiliensis. Zoology ni mo kà níbí ní Ifẹ̀, kò sẹ́ja tí mo fẹ́ràn tó o. Akọ ẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 42 lọ, abo lè tó 56, ó rí gbọọrọ bíi sìgá, ojú ẹ̀ tóbi, àmì dúdú kan sì yí i lọ́rùn bíi kọ́là. Tó bá ti fi ètè lẹ̀ mọ́ ara ẹja bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri, á ki eyín ìsàlẹ̀ bọ̀ ọ́, á wá yí ara ẹ̀ po, ẹran á já kúrò, ihò ọ̀hún á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, á jìn tó 7. Eyín ìsàlẹ̀ yẹn so mọ́ra bíi ti ayùn, gbogbo ẹ̀ ló ń já lẹ́ẹ̀kan náà tó bá fẹ́ pààrọ̀, ó sì máa ń gbé e mì kí calcium inú ẹ̀, èròjà tó ń mú eyín le, má bàa ṣòfò. Màmá ò jẹ̀bi rárá, àwọn onímọ̀ náà ti rò tẹ́lẹ̀ pé kòkòrò àìsàn ni, 1971 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Everet Jones kọ ọ́ síta pé ẹja yìí ló ń ṣe é.

Ìyá Tọ́lá, Iléṣà:
Háà! Ẹja tí ò gùn tó apá mi, báwo ló ṣe ń sún mọ́ tuna? Ṣé ó wà lọ́dọ̀ tiwa níbí?

Akin Ifẹ̀:
Ó wà mà, wọ́n ti rí i ní Cape Verde, Guinea, Sierra Leone títí dé Angola, òkun tó bá ṣáà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Lọ́sàn-án ó máa ń wà nísàlẹ̀ níbi tó jìn ju mítà 1000 lọ, alẹ́ ló ń gòkè wá. Ikùn ẹ̀ máa ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé débi pé ẹni tó bá wòkè látìsàlẹ̀ ò ní rí òjìji ẹ̀, àfi kọ́là dúdú yẹn tí kì í tàn, àwọn onímọ̀ kan gbà pé lójú ẹja ńlá á dà bí ẹja kékeré, á sáré wá jẹ ẹ́, òun gan-an á wá di jíjẹ.

Òṣómàáló:
Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ẹja yìí gé rọ́bà ara ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn Amẹ́ríkà jẹ, òróró ń jò, wọ́n ní láti dá ọkọ̀ padà sí èbúté. Lọ́dún 2009 náà, ọkùnrin kan ń lúwẹ̀ẹ́ lálẹ́ láti erékùṣù kan sí èkejì ní Hawaii, ẹja yìí gé e jẹ lẹ́yìn ojúgun, Ọlọ́run yọ ọ́. Kò wọ́pọ̀ o ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àbúrò yín kó má wọ omi lóru mọ́.

Ìyá Tọ́lá, Iléṣà:
Mo ti pè é báyìí, ó ti gbà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Màmá ní kí n bi yín, ṣé ó ń yé ẹyin?

Akin Ifẹ̀:
Ẹ bá mi kí màmá. Inú ikùn ìyá lẹyin ti ń pa, pupa ẹyin yẹn lọmọ fi ń dàgbà, ìyá á wá bí wọn láàyè, 6 sí 12 lẹ́ẹ̀kan.