Tíìpù kì í ṣe ìtọrẹ, ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àtàárọ̀ o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ, mo dákẹ́, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ gbé "owó ìtọrẹ" wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, pé òun ni ká máa pe tíìpù tí wọ́n ń fún àwọn wétà nílé oúnjẹ, inú bí mi gan-an, mi ò lè panu mọ́ mọ́. Bọ̀dá wa tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ní ohun téèyàn bá fún ẹlòmíì láìjẹ ẹ́ ní gbèsè, ìtọrẹ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta wá ló sọ fún wọn pé oníbàárà ò jẹ gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká tú u. Ì, ta, ọrẹ. "Ó fi ta mí lọ́rẹ", gbogbo wa la ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ẹni tó ń ta èèyàn lọ́rẹ, ó wù ú ni, bí ò bá sì wù ú kò sẹ́ni tó máa bá a ṣẹjọ́. Ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ náà ò ṣiṣẹ́ kankan fún un, àánú ẹ̀ ló ṣe wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn Àjàyí Crowther tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì fi pe ti inú Mátíù orí 6 ní ìtọrẹ àánú, tí wọ́n dé Lúùkù orí 10 tí wọ́n ní ọ̀yà alágbàṣe tọ́ sí i. Àwọn baba yẹn ò da ìtọrẹ pọ̀ mọ́ ọ̀yà. Àwa la fẹ́ dà á pọ̀ báyìí torí pé "ìtọrẹ" dùn létí.

Àǹtí tó sì kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ ló wà nínú ìtọrẹ, pé oníbàárà àti wétà ti dọ̀rẹ́ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un pè sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ọrẹ, re re. Ọ̀rẹ́, dò mí. Kò sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ohun tí mo ń sọ nígbà gbogbo nípa àmì ohùn nìyí o, àwọn kan ní mo ti le jù.

Ẹ wá wo Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tíìpù ti le jù, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú wa ń gbé. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ní owó tó kéré jù lọ fún iṣẹ́ wákàtí kan ni dọ́là 7.25, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 2009. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba tíìpù ni, ọ̀gá lè san dọ́là 2.13 péré, wọn ò sì tíì fi kọ́bọ̀ kan lé e láti 1991. Dọ́là 5.12 tó kù ńkọ́? Ọwọ́ oníbàárà lòfin ní kó ti wá. Àtúnṣe òfin 1966 ló gba ọ̀gá láyè láti máa ka tíìpù mọ́ owó iṣẹ́. Bí tíìpù ò bá kájú ẹ̀, ọ̀gá ló yẹ kó dí i, ìyẹn nínú ìwé, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí mọ ojú tí wọ́n fi ń woni téèyàn bá lọ béèrè. Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ méje wà tí wọn ò gbà kí ọ̀gá ṣe bẹ́ẹ̀, California, Oregon, Washington, Nevada, Alaska, Montana àti Minnesota, ọ̀gá á kọ́kọ́ san owó tó pé ná kí tíìpù tó dé. Texas tí mo wà ò sí níbẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ ní Houston nígbà tí mo wà nílé ìwé. Ìgbà míì tí wọ́n bá fún mi ní ìwé owó iṣẹ́, òdo ló máa ń wà níbẹ̀, torí owó-orí tíìpù ni wọ́n ti yọ látinú 2.13 yẹn títí tó fi tán. Ẹ gbọ́ o, owó-orí. Lórílẹ̀-èdè yẹn, ẹni tí wọ́n bá fún lẹ́bùn kì í san owó-orí lórí ẹ̀. Ìjọba tiwọn fúnra ẹ̀ mọ̀ pé tíìpù kì í ṣe ẹ̀bùn, Yorùbá ló wá fẹ́ sọ ọ́ di ìtọrẹ! Ẹnì kan ti ní òfin 2025 ti fagi lé owó-orí tíìpù. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ lè yọ tíìpù tí kò ju dọ́là 25,000 lọ lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó-orí lé, títí di 2028, àmọ́ owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń yọ lára owó iṣẹ́, ṣì ń lọ. Owó iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣì kà á sí.

Orúkọ a máa roni, ẹ̀yin náà lẹ máa ń pa á lówe fún wa níbí. Nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Pullman kó àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, púpọ̀ nínú wọn tó jẹ́ pé ẹrú ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n máa tọ́jú èrò inú rélùwéè. Owó oṣù táṣẹ́rẹ́, kí wọ́n lọ wá ìyókù lọ́wọ́ èrò. Àwọn èrò ò tiẹ̀ béèrè orúkọ wọn, "George" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, orúkọ ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́. Lọ́dún 1925 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, A. Philip Randolph ló ṣíwájú wọn, ó di 1937 kí ilé iṣẹ́ yẹn tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Owó iṣẹ́ tó dájú ni wọ́n jà fún, kí oúnjẹ ọmọ wọn má baà dúró sórí pé ṣé inú èrò dùn lónìí àbí kò dùn. Ẹni tó bá ń pe owó yẹn ní ìtọrẹ, ẹ̀yìn ọ̀gá ló wà, bó mọ̀ bí ò mọ̀.

Àwọn ará London ní tiwọn yàtọ̀, mo sì gbà. Láti 2009 ni wọn ò ti gbà kí ọ̀gá fi tíìpù dí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní October 2024 sì ní gbogbo tíìpù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń kọ mọ́ bíìlì lọ́hùn-ún, ìtọrẹ wo ló ń ti inú bíìlì wá?

Ẹ sì bi mí pé kí làwọn àgbà ń pè é. Ìyá ìyá mi ta àmàlà n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ tó ń bá wọn gbé abọ́, ìyá ló ń sanwó wọn nírọ̀lẹ́, látọwọ́ ara wọn. Bí oníbàárà bá ní kí ọmọ máa mú ṣéńjì lọ, ọmọ á kúnlẹ̀, á dúpẹ́, ó parí. Wọn ò fún un lórúkọ kankan torí kò sẹ́ni tó ń fi gbọ́ bùkátà. Èyí tí wọ́n ń pè ní owó píọ̀ wọ́tà l'Ékòó báyìí, ó ti ń sún kúrò níbẹ̀, torí àwọn ọ̀gá kan ti ń fojú sí i pé àwọn ọmọ á rí nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n wá dín owó oṣù kù. Òun ló fi yẹ ká ṣọ́ra fún orúkọ tá a máa fún un.

Baba wa tó ń kọ láti Abẹ́òkúta ní ká lo èènì. Wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi, òótọ́ ni, mo kúnlẹ̀ o, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà ni èènì ti ń wá, ẹni tó rà á ló ń gbà á, ó sì di ìgbà tí owó ọjà bá pé kó tó kàn án. Ti wétà Houston, owó iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì pé, kí la fẹ́ ṣe èènì lé lórí?

Ohun tí mo mú wá ni "ọ̀yà ọwọ́ oníbàárà". Ó gùn, mo mọ̀. Tí ẹ bá ní ó gùn jù, ẹ kọ tíìpù síbẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń pè é, kò ní bí mi nínú, ìtọrẹ nìkan ni mi ò fẹ́ rí lójú ìwé yẹn. Ní ti èènì, Baba, ẹ fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo hàn mí, látẹnu àgbà Ẹ̀gbá tàbí ti ibòmíì, níbi tí ẹni tó ra ọjà ti fún ẹni tó tà á ní èènì, màá gba tiyín.